Igbó Kan Láàrin Ìpínlẹ̀ Mẹ́ta

Ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú mi ni pé: bí igbó ọba bá ṣì wà lórí àwòrán ilẹ̀, tí a kùn ún ní àwọ̀ ewé, tí aṣọ́gbó sì wà níbẹ̀, kí ni ó tún kù tí a ń pariwo sí? Ìdáhùn mi ni pé igbó lè wà lórí ìwé kí ó má ṣe iṣẹ́ igbó mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Iyàrá mẹ́fà wà nínú ilé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹnì kan bá mọ ògiri dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, iyàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà, òrùlé kò sì jò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní iyàrá kìn-ín-ní kò lè dé ìdí àmù, ẹni tí ó wà ní ìkẹfà kò sì lè dé ìdí ààrò. Ohun tí ó ti bá igbó wa nìyẹn.

Igbó tí n ó fi ọ̀rọ̀ mi tì sí ni èyí tí ó wà láàrin ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Oǹdó. Ní 1925 ni ìjọba amúnisìn ya igbó ọba Ọmọ sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin, gẹ́gẹ́ bí apá kan igbó ọba Ṣáṣà àtijọ́. Ẹ kíyè sí i: apá kan ni. Kì í ṣe igbó ọ̀tọ̀. Igbó Olúwa sì wà níhà ìlà-oòrùn wọn. Nígbà ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni àṣẹ lórí gbogbo wọn ti ń wá. Ní 1963 a yọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò, igbó Okomu sì bá a lọ. Ní 1976 a pín ìyókù sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1991 a tún yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Báyìí ni Ọmọ ṣe di ti Ògùn, tí Ṣáṣà di ti Ọ̀ṣun, tí Olúwa sì jẹ́ ti Oǹdó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé a dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ìjọba súnmọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n erin tí ó jẹun ní Ọmọ lónìí tí ó sì fẹ́ mu omi ní apá Ṣáṣà lọ́la kò mọ̀ pé òun ti kúrò lábẹ́ gómìnà kan bọ́ sábẹ́ òmíràn.

Igbó Ọmọ nìkan ju 1,300 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Láti 1946 ni a ti ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké kàn án, ní 1977 ni àjọ UNESCO sì ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Ṣùgbọ́n kí ni hẹ́kítà 460 jẹ́ lójú erin? Ìyókù igbó náà ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbẹ́. A gé apá ńlá rẹ̀, a sì gbin igi Gmelina sí i nítorí bébà tí a fẹ́ ṣe ní Ìwòpin. Igi ni Gmelina lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko igi kì í ṣe igbó: kò sí èso tí ìnàkí lè jẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ihò igi tí àgbìgbò lè yé sí. Lẹ́yìn èyí ni oko kòkó, abúlé, ibùdó àwọn onígẹdú, àti ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, tí ó la igbó náà kọjá ní àdúgbò J4.

Àwọn baba wa sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ní Ọmọ lónìí, ẹni tí ó bá rí i fìrí gan-an, orí rẹ̀ ni ó ṣe é. Ojú ẹsẹ̀ àti ìmí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣọ́gbó mọ̀. Erin igbó ni, ó kéré sí erin ọ̀dàn. Ní 2021 sì ni àjọ IUCN yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà méjì, tí wọ́n sì kọ erin igbó mọ́ àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun. Oṣù 22 ni ó ń gbé oyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Agbo kékeré tí a bá há mọ́ ibi kan, ìbátan ni yóò máa bá ìbátan gùn. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ ìyàwó láìṣe ìwádìí ìdílé. Ẹranko pẹ̀lú ní ìwádìí tirẹ̀, ìrìn ni ó fi ń ṣe é. Bí a bá dí ọ̀nà ìrìn, a ti dí ọ̀nà ìgbéyàwó.

Àwọn igi pẹ̀lú ń jìyà rẹ̀. Ẹ wo òro, èyí tí àwọn ìyá wa ń rí àpọ̀n nínú kóró rẹ̀. Kóró náà tóbi, ó sì le. Ẹyẹ kò lè gbé e mì. Erin a máa jẹ èso náà, a rìn jìnnà, a sì yà á pẹ̀lú ìmí rẹ̀ sí ibòmíràn, níbi tí yóò ti hù. Bí erin kò bá rìn mọ́, abẹ́ ìyá rẹ̀ ni òro yóò máa rà sí. Ohun tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnì kan lè wí pé kì í ṣe gbogbo àlàfo ni ọwọ́ ènìyàn dá. Òtítọ́ ni. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ọ̀dàn ti wà láàrin igbó Gánà àti igbó tiwa, ní ilẹ̀ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ojú ọjọ́ ni ó dá a. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ẹ̀dá fi mọ́ irú rẹ̀ lára. Èyí tí àwa dá, ìran kan péré ni a fi dá a.

Ẹ̀gà kan wà tí a fi orúkọ Ìbàdàn pè, orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú. Ní 1958 ni onímọ̀ ẹyẹ kan tí ń jẹ́ Elgood kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ibòmíràn láyé tí a ti rí i bí kò ṣe ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nínú àwọn ìkìtì igbó tí ó fọ́nká. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn: nǹkan bí hẹ́kítà 350. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá kó ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà kí a tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967. A fi ilẹ̀ sílẹ̀, igbó sì padà. Nítorí náà kò yẹ kí a sọ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní kí a lé gbogbo wọn jáde. N kò fara mọ́ ọn. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀ka igbó fúnra rẹ̀ ni ó pe àgbẹ̀ wọ inú igbó ọba láyé ọjọ́un, pé kí wọ́n máa gbin oúnjẹ sáàrin igi kéékèèké títí igi yóò fi dàgbà? Àwọn kan bímọ síbẹ̀, ọmọ gbin kòkó, ọmọ-ọmọ ń ká a. Ẹni tí ó fi ọlọ́pàá gé kòkó wọn lulẹ̀ ní òwúrọ̀, òru ni wọn yóò padà, ọ̀tá igbó ni wọn yóò sì jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Oko kòkó tí a gbìn sábẹ́ ìrókò, òro àti arère ni ọ̀bọ àti ẹyẹ lè gbà kọjá. Òun gan-an lè jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Èyí tí a gé gbogbo igi orí rẹ̀ kúrò ni ó jẹ́ ògiri. Ẹ san owó fún àgbẹ̀ tí ó bá dá igi ńlá sí, ẹ má sì jẹ́ kí onígẹdú bá ìjọba ṣe àdéhùn lórí igi tí ó wà lóko rẹ̀. Mo gbà pé erin yóò ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákí jẹ́. Ẹni tí erin jẹ oko rẹ̀ kò ní í gbọ́ ìwàásù wa. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ń fi ilé oyin ṣọgbà yí oko ká. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ata ni wọ́n ń lò. Ata kò wọ́n wa níhìn-ín.

Ti àwọn ìjọba ńkọ́? Abẹ́ ìpínlẹ̀ ni igbó ọba wà, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí Ògùn bá fòfin de gígé igi tí Oǹdó kò ṣe bẹ́ẹ̀, gẹdú tí a gé ní ìhín lè gba òǹtẹ̀ lọ́hùn-ún kí ó sì wọ sọ́míìlì gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Aṣọ́gbó tí ó ń lé ọdẹ afàṣẹ́wọ̀ gbọdọ̀ dúró ní ààlà, ọdẹ náà kò sì ní í dúró. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju èyí lọ: àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo fún igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òǹtẹ̀ kan fún gẹdú, àṣẹ fún aṣọ́gbó láti kọjá ààlà, àti àpò owó kan fún àwọn àgbẹ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ ọ́ di òfin, nítorí àdéhùn tí gómìnà méjì bọ ọwọ́ lé, gómìnà tí ń bọ̀ lè gbàgbé rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe, Angola, Botswana, Namibia, Zambia àti Zimbabwe tọwọ́ bọ̀wé ní 2011 láti jùmọ̀ tọ́jú ilẹ̀ tí ó lé ní 500,000 kìlómítà níbùú-lóòró lẹ́bàá odò Kavango àti Zambezi. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n, ọ̀kan ń sọ Potogí nínú wọn. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí ń kí ara wọn ní ẹ káàárọ̀ kò gbọdọ̀ ní àwáwí.

Níbo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀? Etí odò ni. Àwọn odò tí ó la igbó wọ̀nyí kọjá ń ṣàn láìbèèrè ìpínlẹ̀, àgbẹ̀ pẹ̀lú sì mọ̀ pé bí a bá gé igi etí odò tán, omi a gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kí a fi igi ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní bèbè méjèèjì, kí a sì tún wọn gbìn níbi tí wọn kò sí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà márosẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n la ọ̀nà sábẹ́ títì lẹ́bàá òkè Kenya, láti nǹkan bí 2011 sì ni erin ti ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ní Bùràsíìlì, wọ́n parí afárá tí a gbin igi sí lórí títì BR-101 ní 2020, nítorí ọ̀bọ kékeré kan tí irun rẹ̀ pọ́n bíi wúrà. Títì Ṣágámù sí Benin kì í pẹ́ kí ó tó tún nílò àtúnṣe, gbogbo ẹni tí ó ń gba ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá tún gbé kátápílà lọ síbẹ̀, kí àwọn ẹnjiníà gbé afárá àwọn odò tí ó wà nínú igbó náà sókè díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ omi nísàlẹ̀, kí ẹran lè gba ibẹ̀ kọjá.