Kí Ẹ Tó Sanwó Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará OPIC Estate, ẹ̀yin ti Mowe àti Ibafo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè, tẹ́ ẹ fẹ́ tún kàwé sí i nílùú òyìnbó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, síbẹ̀ ìjọba Bìrìtìkó kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò nílò ìdánwò èdè. Lọ́dún 2021, àwọn ọ̀dọ́ wa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Ẹjọ́ wọn tọ́ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹ múra ná.

Nínú IELTS, ọ̀kan lára àwọn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó gbọ́ ohùn tí wọ́n bá gbé sí i. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń dá yín dúró lọ́nà Berger, ẹ fi tẹ́tí sí ìròyìn BBC. Ní ti kíkọ, iṣẹ́ méjì ni, 60 ìṣẹ́jú. Èkejì, ọ̀rọ̀ 250 ó kéré tán, ló ní máàkì jù; ẹ má pẹ́ lórí èkíní. Èsì IELTS kì í wúlò ju ọdún méjì lọ, nítorí náà ẹ má sáré ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì yín o: ọ̀pọ̀ wọn ní Bìrìtìkó ń gba C6 Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò ìdánwò yìí.