Atukọ̀ Tí Ó Padà Wá Sílé: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Mohammed Alabi Lawal

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní GRA, Ìlọrin

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ó ni ilẹ̀ tí ó sì ni òkun. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọmọ ìlú yìí kan ni mo fẹ́ kí á rántí lónìí. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1946 ni a bí Mohammed Alabi Lawal sí Ìlọrin. Odò Asà ni omi tí ọmọ Ìlọrin mọ̀; òkun jìnnà sí wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1956. Síbẹ̀, inú iṣẹ́ náà ni Ọlọ́run ti gbé e dé ipò Rear Admiral. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe sọ pé ibi tí a bí òun sí ni ó dí òun lọ́nà.

Láti ìparí 1987 títí di 1990, òun ni gómìnà ológun ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé ni ó padà sí. Ní 1999, àwọn ará Kwara dìbò yàn án ní gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ APP, Dókítà Olusola Saraki sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Kò pẹ́ tí àárín àwọn méjèèjì fi dàrú. Ní 2003, Bukola Saraki, ọmọ Dókítà, borí rẹ̀ nínú ìdìbò lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2006, Lawal jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2012, Dókítà Saraki náà tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ti padà sọ́dọ̀ Ọba Adájọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ìjà náà fi sílẹ̀ fún wa? Mo mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n jọ ń kírun ní sáfù kan náà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn gómìnà, èkejì wà lẹ́yìn àwọn alátakò. Ó burú débi pé bí imāmu bá ti sálámà tán, wọn kì í bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Ìyá wọn kú láìtún rí i kí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n ń torí wọn jà má mọ orúkọ wọn rárá.

Ànábì wa fi àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi kan ṣe àpèjúwe fún wa. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí omi bù láìyọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí a bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là. Atukọ̀ mọ èyí dájú. Ọ̀dọ́ tí ó gba owó, tí ó gbé àdá nítorí olóṣèlú, ihò ni ó ń lu. Àgbà tí ó rí i tí ó dákẹ́, òun náà yóò bá omi lọ.

Títí di òní, bí a bá dárúkọ Lawal, àwọn kan a máa yìn ín, àwọn kan a máa bú u. Ànábì kọ̀ fún wa láti bú òkú, nítorí pé wọ́n ti bá ohun tí wọ́n tì ṣíwájú. Èyí kò ní kí a má yẹ iṣẹ́ olórí wò. Àmọ́ èébú kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ wo èyí tí ó dára, kí ẹ ṣe é. Ẹ wo èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ yẹra fún un.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì wà tí òṣèlú ti yà nípá pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ òní ṣú kí ó tó lọ kí i.

Kí Allāhu foríjin Mohammed Alabi Lawal, kí Ó foríjin gbogbo òkú Mùsùlùmí, kí Ó sì mú ọkọ̀ ìlú wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Āmīn.