Iná Iwájú Alùpùpù àti Iṣẹ́ tí Rẹlé ń Ṣe

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ iná iwájú alùpùpù ni.

Ẹ lè wí pé: kí ló kan ilé ẹ̀kọ́ ìwé nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù? Ó kàn án o. Alùpùpù la fi ń kó iṣu àti gàrí lọ sọ́jà. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, alùpùpù náà la máa wá. Tí alùpùpù yẹn ò bá ríran, ta ló máa ríran fún wa?

Ẹ wò ó. Alùpùpù tó bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó ń rin ohun tó ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹ tó pe orúkọ ọmọ yín tán, ẹ ti kọjá mítà 16. Tí kámíyọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà ńkọ́, tí wọ́n kàn ṣẹ́ ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Tí iná yín kò bá ju iná fìtílà lọ, ìgbà tí ẹ bá fi máa rí ewé yẹn, ẹ ti dé orí rẹ̀.

Ó ṣe wá jẹ́ pé bátìrì dára, àǹpúlù jẹ́ tuntun, síbẹ̀ iná ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú? Ọ̀nà tí iná ń gbà ló fà á. Iná máa kúrò nínú bátìrì, á lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, á ti ibẹ̀ lọ sí bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ alùpùpù, kí ó tó padà wá bá àǹpúlù. Ọ̀nà náà jìn. Okùn iná tí wọ́n fi ṣe é tínrín. Inú bọ́tìnnì ti dípẹtà nítorí òjò àti eruku ọyẹ́. Gbogbo ibi tí iná bá ti kọjá ló ń bù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi igbá tó ń jò pọnmi: omi pọ̀ lódò, ṣùgbọ́n èyí tó délé kò tó í fọ ojú.

Bátìrì ní fọ́ọ̀tì 12. Ká ní fọ́ọ̀tì 10 àti díẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ àǹpúlù. Ẹ máa rò pé ohun tó dín kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀tì bá fi ìdá kan dín nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta dín nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni òkùnkùn ti ń wọlé.

Rẹlé ló ń tún èyí ṣe. Kí ni rẹlé? Àpótí kékeré ni, àtẹ́lẹwọ́ yín lè bò ó mọ́lẹ̀. Okùn wẹ́wẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ká yípoyípo. Bí iná bá ti wọ inú okùn yẹn, ó di òòfà, ó fa irin kékeré kan mọ́ra, ọ̀nà sì ṣí fún iná ńlá. Baálé ilé kì í fúnra rẹ̀ ru iṣu bọ̀ láti oko. Ó ń pàṣẹ ni, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ru ú. Bọ́tìnnì yín ni baálé, rẹlé ni ọ̀dọ́ tó lágbára. Iná tí bọ́tìnnì fi ń pàṣẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin áńpẹ̀rì kan, nígbà tó jẹ́ pé àǹpúlù wáàtì 60 fúnra rẹ̀ ń gba áńpẹ̀rì 5.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ rà á o. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ló bá mu. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má ta ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ iná. Bí ó bá tàn, iná bátìrì ni, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń tàn, tí ó ń mọ́lẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fún un ní gáàsì, tí ó sì ń rẹ̀ bí ẹ bá dẹwọ́, iná ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Rẹlé kò wúlò níbẹ̀. Bátìrì kékeré irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò sì lè ru ẹrù yẹn, ẹ máa ji í pa ni.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún fi ẹ̀rọ wọn iná níbi bátìrì àti níbi àǹpúlù, kí iná wà ní títàn nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó ìdajì fọ́ọ̀tì, ẹ má náwó lásán. Gíláàsì ló dọ̀tí, tàbí dígí ẹ̀yìn àǹpúlù ló ti fọ́jú.

Ó dáa, ká ní ó bá mu. Rẹlé méjì lẹ máa rà, ọ̀kan fún iná tó wo ilẹ̀, ọ̀kan fún iná tó wo ọ̀ọ́kán. Ẹ yí rẹlé dojú dé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ pé ìwé tí à ń kọ́ kò ṣòfò! Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 30, 85, 86, 87. Ẹsẹ̀ 30 ń gba iná láti bátìrì. Ẹsẹ̀ 87 ń gbé e lọ fún àǹpúlù. Okùn tó ń bọ̀ láti bọ́tìnnì, èyí tó ti ń lọ bá àǹpúlù tẹ́lẹ̀, máa wọ 86. Ẹsẹ̀ 85 máa lọ sí ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (−). Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ karùn-ún tí wọ́n kọ 87a sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi àǹpúlù síbẹ̀, iná rẹ̀ máa tàn nígbà tó bá pa á, á sì kú nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú okùn (−) kúrò lẹ́nu bátìrì. Òun náà lẹ máa dè kẹ́yìn. Okùn tó nípọn, tí àwọn oníná ń pè ní 2,5, ni kí ẹ fi ṣe 30 àti 87. Okùn tínrín tó fún 85 àti 86. Ẹ tún fa okùn 2,5 kan láti ibi àǹpúlù padà sí (−) bátìrì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé èyí, bẹ́ẹ̀ ìyá ọ̀ràn ni: iná tó lọ gbọ́dọ̀ padà. Ẹ so rẹlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí omi òjò má dúró sínú rẹ̀.

Fúsíbù ńkọ́? Lórí èyí, mi ò ní fi ẹnu tútù bá yín sọ̀rọ̀. Fúsíbù áńpẹ̀rì 10 gbọ́dọ̀ wà lójú okùn tó ń lọ sí 30, kí ó má jìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí bátìrì. Bí okùn bá bó lójú ọ̀nà, tí ó kan irin, fúsíbù á já, ọ̀ràn tán. Bí kò bá sí fúsíbù, okùn náà fúnra rẹ̀ ló máa jó. Níbo ni okùn yẹn sì gbà kọjá? Abẹ́ táńkì bẹntiróòlù ni. Àwọn kan máa ń fi bébà dídán inú páálí sìgá wé fúsíbù tó ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan nínú ilé yín ṣe é. Fúsíbù tuntun kò wọ́n.

Ẹ má sì tìtorí rẹlé fi àǹpúlù wáàtì 100 síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ní lè bọ́ ọ, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ilé iná tó jẹ́ ike.

Bí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ máa gbọ́ “tá!” kékeré. Rẹlé ló dáhùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí iná tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá fọwọ́ kan okùn àti ibi tí wọ́n ti so ó. Ibi tó bá gbóná, ìdè ibẹ̀ kò le tó, ẹ tún un dè.

Ó ku ẹyọ kan. Iná tó ti lágbára báyìí lè fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Lálẹ́, ẹ gbé alùpùpù síwájú ògiri, kí ó jìn sí i ní mítà 5, kí ènìyàn jókòó lórí rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì ibi tí iná alùpùpù ga dé sára ògiri náà. Iná tó wo ilẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí abẹ́ àmì yẹn. Bí ó bá kọjá rẹ̀, ẹ dẹ bóòtù ilé iná, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún un dè.