Yúnyun, Òdòdó Etí Ọ̀nà Tí Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ẹ̀yin ará wa ní Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò, bí àdá bá ṣá àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko, kí ni àwọn baba wa máa ń kọ́kọ́ wá? Yúnyun ni. Wọn a já ewé rẹ̀, wọn a gbo ó mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọn a sì fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá.

Yúnyun, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Aspilia africana, jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Etí ọ̀nà àti ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi ni ó ti máa ń hù. Ewé rẹ̀ a máa jáde ní méjì méjì, ọ̀kan a dojú kọ èkejì. Irun ara rẹ̀ sì le lọ́wọ́ bí ti ewé ìpín. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ohun ìyanu ni pé èyí tí a ń pè ní òdòdó kan, àgbájọ òdòdó kéékèèké ni. Oyin àti labalábá a máa bà lé e láti fa omi dídùn inú rẹ̀. Àtíkè òdòdó a lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọn a sì gbé e dé orí òdòdó mìíràn kí ó lè so.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú fún òdòdó Mẹ́síkò tó ga ju ènìyàn lọ létí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ewé ti àlejò yìí là bí ìka ọwọ́. Ti yúnyun kò là.

Àwọn àgbà kò purọ́. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà tẹ ìwé jáde pé oje ewé yúnyun mú kí ẹ̀jẹ̀ eku yára dá, ó sì dí àwọn kòkòrò tí ń ba egbò jẹ́ lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ewu kan ń bẹ. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Ewé tí a já nílẹ̀ lè gbé e wọ inú ọgbẹ́. Nítorí náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì tètè lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kí aboyún má ṣe mu àgbo rẹ̀.

Ilé ń pọ̀ ní Mowé àti Ìbàfò, igbó sì ń tán. Ẹ fi yúnyun díẹ̀ sílẹ̀ ní ààlà oko, kí ẹ má fi oògùn pa á. Oyin tí ó ń bọ́ ni yóò mú kí ẹ̀gúsí yín so.