Ètò Ábídí Wa Nínú Ìwé Orúkọ Ìlú



Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni a mú wá: kí a tó kó orúkọ ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yan ètò ábídí tí yóò máa tẹ̀lé.

Ní ọdún 1875 ni ìpàdé tí ìjọ CMS pè ní Èkó jíròrò lórí àkọtọ́ èdè wa. Lónìí, Ẹ tẹ̀lé E, GB tẹ̀lé G, Ọ tẹ̀lé O, Ṣ sì tẹ̀lé S. Ọmọ ilé-ìwé mọ èyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n bí a kò bá sọ fún un.

Àkójọ ìwé inú kọ̀ǹpútà ni à ń pè ní database. Ìlànà èdè tí ó ń tẹ̀lé ni locale. Bí a bá fi PostgreSQL dá database sílẹ̀ láìdárúkọ locale, ti àwòṣe rẹ̀, template1, ni yóò jogún. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń jẹ́ C, Ọláńrewájú yóò bọ́ sí ẹ̀yìn Zainab. Ta ni yóò wá ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn Z, lẹ́tà tí kò sí nínú ábídí wa? Ẹni tí a kò sì rí orúkọ rẹ̀, a lè sọ pé kì í ṣe ọmọ ìlú.

Nítorí náà, kí a lo UTF8, kí gbogbo àmì wa lè wọlé. Kí a fi template0 ṣe àwòṣe, nítorí òun ni ó gba locale mìíràn. Kí a sì yan ICU pẹ̀lú èdè Yorùbá, tí àmì rẹ̀ jẹ́ yo. Láti PostgreSQL 15, ti ọdún 2022, ni èyí ti ṣeé ṣe fún odidi database. Bí a bá ti dá a tán, a kò lè yí ètò náà padà mọ́, àfi kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú òmíràn.

Kí a sì máa ṣọ́ra lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2018, glibc 2.28 yí ètò títò àwọn ọ̀rọ̀ padà. Atọ́ka àtijọ́ kò bá ètò titun mu mọ́: orúkọ wà nínú ìwé, ẹni tí ń wá a lè má rí i. Àṣẹ REINDEX ni àtúnṣe rẹ̀.

Àwọn baba wa ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí a ó kó orúkọ ọmọ wa sí. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.