Ìwé Tí Ó Gba Ilé Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Sinimá Abuké Inú Notre-Dame

(Ọ̀rọ̀ tí a kà níbi ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Ohun tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín ni ọ̀ràn ìwé kan tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kọ ní 1831, àti ti sinimá kan tí àwọn ará Hollywood ní Amẹ́ríkà ṣe láti inú rẹ̀ ní 1939. Notre-Dame de Paris ni orúkọ ìwé náà. Victor Hugo ni ó kọ ọ́. The Hunchback of Notre Dame ni orúkọ sinimá náà, èyíinì ni Abuké Inú Notre-Dame. Ilé iṣẹ́ RKO ni ó gbé e jáde, William Dieterle sì ni olùdarí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ka ìwé náà a máa bínú sí sinimá yìí. Wọ́n a ní ó ba ìtàn jẹ́, nítorí pé ọmọbìnrin tí a yẹgi fún nínú ìwé, sinimá jẹ́ kí ó yè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé, bí sinimá náà tilẹ̀ yapa kúrò nínú ìtàn inú ìwé, kò yapa kúrò nínú iṣẹ́ tí ìwé náà ṣe láyé.

Ẹ gbọ́ bí ìtàn inú ìwé ti rí. Ní ọdún 1482, nígbà tí Ọba Louis kọkànlá wà lórí oyè, abuké kan ń gbé inú kàtídírà Notre-Dame ní ìlú Paris. Quasimodo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí a gbé e jù sí ilé Ọlọ́run náà. Àlùfáà àgbà kan tí ń jẹ́ Claude Frollo ni ó gbà á tọ́. Agogo ńlá ilé náà ni ó ń lù, ìró agogo sì ti sọ ọ́ di adití. Nígbà tí ó ṣe, àlùfáà yìí kan náà fi ojú burúkú wo ọmọbìnrin oníjó kan, Esmeralda, tí ó ń bá àwọn Jípísì kiri pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀. Nítorí owú, àlùfáà gún ológun tí ọmọ náà fẹ́ràn lọ́bẹ, ẹ̀bi náà sì wá sórí ọmọbìnrin. Wọ́n dá a lẹ́bi ikú. Quasimodo já a gbà níwájú ìlú, ó sì gbé e sá wọ inú kàtídírà. Nítorí ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá sá di ilé Ọlọ́run, ọwọ́ òfin kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Àwọn alágbe ìlú gbógun wá láti gba ọmọ náà sílẹ̀. Adití náà kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ó bá wọn jà. Ní ìkẹyìn, a yẹgi fún Esmeralda. Quasimodo ti àlùfáà lulẹ̀ láti òkè ilé-ìṣọ́, òun náà sì lọ kú sí ẹ̀gbẹ́ òkú ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ tí a rí egungun wọn tí a sì fẹ́ yà wọ́n, ti abuké di ekuru.

Àwọn baba wa a máa wí pé, àyànmọ́ kò gbóògùn. Bí ẹni pé Hugo gbọ́ òwe yìí ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó ní òun rí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ẹnìkan fín sára ògiri nínú ilé-ìṣọ́ Notre-Dame, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àyànmọ́. Lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó sì kọ́ gbogbo ìwé náà lé.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú un kọ ọ́? Kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn nìkan. Láti 1163 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kàtídírà náà. Nígbà ìdàrúdàpọ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1793, àwọn ènìyàn gé orí àwọn ère ọba tí ó wà níwájú ilé náà, wọ́n rò pé ọba Faransé ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ọba Júdà inú Bíbélì ni. Ní ayé Hugo, ilé náà ti rẹ̀yìn gidigidi. Káàkiri ilẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wó ilé àtijọ́ lulẹ̀ láti fi òkúta rẹ̀ kọ́ òmíràn. Ọ̀ràn yìí dùn ún wọra. Ó kọ̀wé gbangba bá àwọn awólé jà. Nínú ìwé ìtàn náà pàápàá, ó dá ìtàn dúró, ó fi orí ìwé odidi sọ̀rọ̀ nípa ilé náà àti nípa Paris bí ojú ti lè rí i láti òkè rẹ̀. Ní 1832 ó fi orí kan kún un, níbi tí àlùfáà náà ti nawọ́ sí ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, ó wo ilé ńlá náà, ó sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé ìwé ni yóò pa ilé. Èrò Hugo ni pé, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, òkúta ni ọmọ ènìyàn fi ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwé kò pa ilé. Ìwé ni ó jí i dìde. Tọmọdé tàgbà ka ìtàn abuké náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú mìíràn wo òkúta tí wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Kì í ṣe Hugo nìkan ni ó jà. Òǹkọ̀wé mìíràn, Prosper Mérimée, tí ìjọba fi ṣe alábòójútó ilé àtijọ́ ní 1834, náà ṣe bẹbẹ. Ní 1844 a yan Lassus àti Viollet-le-Duc láti tún Notre-Dame ṣe. Iṣẹ́ náà kò parí títí di 1864.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí sinimá. Ní àfonífojì San Fernando, ní Kalifóníà, ni wọ́n ti fi igi àti amọ̀ mọ Paris àtijọ́ àti ojú kàtídírà náà. Charles Laughton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe abuké; Maureen O'Hara, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí kò tí ì pé ogún ọdún, ni ó ṣe Esmeralda. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìyàtọ̀. Níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni sinimá ti bẹ̀rẹ̀: ọba dúró, ó ń wo ẹ̀rọ tuntun náà pẹ̀lú inú dídùn, ṣùgbọ́n Frollo fẹ́ kí a fi òfin dè é. Lẹ́yìn èyí, a rí àwọn Jípísì ní ẹnubodè ìlú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé wọn padà nítorí pé wọn kò ní ìwé àṣẹ.

Àwọn tí ó ṣe sinimá yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Dieterle. Bruno Frank, tí ó bá wọn tún ìtàn náà tò, jẹ́ Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì ní 1933. Nígbà ooru 1939 ni wọ́n ń ya àwòrán náà, ogun ńlá kejì sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tí ó bá rántí èyí yóò mọ ìdí tí ẹnubodè náà fi gba àyè púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú sinimá, akéwì Gringoire kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ nítorí Esmeralda, ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó tàn án ká ìlú. Àwọn ènìyàn kà á, ohùn wọn ròkè, ó sì dé etí ọba. Ọmọbìnrin náà bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ẹni tí ó bá ní àṣerégèé ni èyí, kí ó rántí ohun tí mo sọ ṣáájú. Ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ìlú kà, tí ó gba ẹni tí ikú ti dé bá sílẹ̀: kí ni èyí bí kò ṣe ìtàn ìwé Hugo fúnra rẹ̀ àti ilé tí ó gbà là? Ohun tí ìwé náà ṣe fún òkúta ni sinimá sọ pé ìwé ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

N kò wí pé sinimá náà kò pàdánù nǹkan kan. Òfin tí Hollywood fi de ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé gírígírí láti 1934, kò fẹ́ kí a fi òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe ìkà ènìyàn. Nítorí náà ni wọ́n fi pín Frollo sí méjì: èyí tí ó jẹ́ àlùfáà di ènìyàn rere, arákùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ adájọ́ di ìkà. Ohun tí ó bani lẹ́rù jùlọ nínú ìwé ni ìjà tí ń lọ nínú ọkàn ẹni tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run. Adájọ́ búburú lásán kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù. Ní òpin sinimá, Esmeralda bá àwọn ènìyàn lọ, Quasimodo nìkan ni ó kù lókè, ó fara ti ère abàmì kan, ó ń ṣe ìlara òkúta tí kò mọ ìbànújẹ́. Àwọn ère abàmì tí ayé mọ̀ mọ́ òkè Notre-Dame, tí wọ́n tẹ́jú mọ́ Paris láti ibẹ̀, kò sí níbẹ̀ ní 1482. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí Hugo ń kọ̀wé pàápàá. Viollet-le-Duc ni ó fi wọ́n síbẹ̀ nígbà àtúnṣe. Nítorí náà, ìwé ni ó bí òkúta tí abuké fara tì.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin 2019, iná jó òrùlé ilé náà, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì wó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ará Faransé ń ra ìwé Hugo lọ́tùn-ún lósì. Ní oṣù kejìlá 2024 a tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ìyẹn ni pé nígbà tí ilé ń jó, inú ìwé ni àwọn onílé wá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, bí ẹ bá rí sinimá yìí, ẹ má ṣe bi í léèrè nìkan pé ó ha tẹ̀lé ìwé bí. Ẹ bi í pé kí ni ó rò pé ọ̀rọ̀ kíkọ lè gbà sílẹ̀. Hugo fúnra rẹ̀ kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè yí àyànmọ́ padà. Ìwé rẹ̀ jáde, ó sì yí ti ilé kan padà.