Tata Kò Mọ Ààlà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin oko ẹnìkan àti oko aládùúgbò rẹ̀. A gbin pẹ̀rẹ̀gún síbẹ̀ kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi í sílẹ̀ fún igbó, bí ẹni pé kò ní olúwa. Níbẹ̀ gan-an ni tata aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè, tí í jẹ ẹ̀gẹ́ wa nígbà ẹ̀rùn, gbé ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún ni àwọn abo rẹ̀ ń kó ara wọn jọ sábẹ́ igbó tí ó ní òjìji, wọn a sì yé ẹyin sínú ilẹ̀ tútù. Ẹyin ọ̀pọ̀lọpọ̀ tata a wà lójú kan ṣoṣo. Òjò a rọ̀ lé wọn lórí. Wọn kì yóò di ọmọ títí di ìgbà tí òjò bá ń lọ, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá.

Àwọn ọmọ náà kò ní ìyẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní oró tí kò bá wọn lára mu nígbà náà, nítorí náà ewéko ààlà ni í tọ́ wọn. Nígbà tí ewéko wọ̀nyí bá gbẹ, tí àwọn pẹ̀lú sì ti lágbára, wọn a wọ inú oko, wọn a jẹ ewé, wọn a sì bó èèpo igi ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kìn-ín-ní kí ó tó ṣán ààlà rẹ̀, kì íṣe pé ó lé wọn lọ: ó lé wọn wọlé ni.

Ewé Akíntọ́lá (àwọn mìíràn ń pè é ní Awólówọ̀; a kò ní dá sí ìyẹn) ti fi kún ọ̀ràn náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Òjìji rẹ̀ dára fún ẹyin, tata sì fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀. Oró tí wọ́n bá jẹ nínú òdòdó náà a máa dáàbò bo ẹyin wọn.

Kí ni kí a ṣe? Kí a ṣọ́ ibi tí wọ́n ń péjọ sí ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, kí a fi igi sàmì sí i, kí a sì fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹyin. Ní 1977 ni Page àti Richards kọ̀wé lórí tata yìí ní gúúsù Nàìjíríà, iṣẹ́ àpapọ̀ àwọn ará ìlú sì ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Bí ẹnìkan bá tú apá tirẹ̀ nìkan, àwọn tí ó kù lápá kejì yóò rìn wá bá a. Kí ìdílé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ́ wọn, ìbáà jẹ́ pé ẹjọ́ ilẹ̀ náà ṣì wà ní kóòtù.